Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí ìdìbò aṣòfin ìpínlẹ̀ ó wáyé: kí la máa fọwọ́ mú ṣáájú ní wọ́ọ̀dù?

Ọmọ_Wọ́ọ̀dùKẹfà | 27 oṣù Kejìlá 2022

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹgbẹ́ kékeré kan ló fa olùdíje wa kalẹ̀ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́ọ̀dù mẹ́wàá ló wà ní ẹkùn ìdìbò náà, ibùdó ìdìbò ibẹ̀ sì jẹ́ 168. Kò sí bàbá ìsàlẹ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tó ọgọ́ta: olùkọ́, télọ̀, ọlọ́kadà, àwọn ìyá ọjà. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2023 ni wọ́n fi ìdìbò gómìnà àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀ sí.

Àwọn kan ní ká gbé pátákó ńlá sí oríta, àwọn kan ní ká háyà mọ́tò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ká máa yí ìlú ká. Owó tó wà nílẹ̀ kò lè ṣe méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa là á lẹ́sẹẹsẹ: kí ló yẹ kó ṣáájú?

---

Bàbá_Àkọsílẹ̀ | 27 oṣù Kejìlá

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fi pátákó sílẹ̀ ná. Ìwé tó to ibùdó 168 yẹn tán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá: orúkọ ibùdó, nọ́ńbà rẹ̀, iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. INEC máa ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn òǹdìbò. Ẹ tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní ìpínlẹ̀ lọ, ẹ má dúró dìgbà tó bá rántí yín.

Ẹ fara balẹ̀ sí nọ́ńbà ibùdó. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ló ní: ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, ibùdó. Tiwa ní Ọ̀yọ́, 30 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà yìí wà lára káàdì ìdìbò, òun náà ló sì máa wà lórí ìwé èsì. Bí ẹ bá ń fi orúkọ àdúgbò nìkan pe ibùdó, irú bí “iwájú ilé Baálẹ̀”, èèyàn méjì á lọ síbi kan, ibòmíràn á ṣófo. Iwájú ilé Baálẹ̀ kan ṣoṣo lè ní ibùdó mẹ́ta.

Ẹ má sì gbé èsì 2019 lé orí ibùdó ti ìsinsìnyí gbọọrọ. Ní 2021, INEC sọ ibùdó ìdìbò orílẹ̀-èdè yìí di 176,846. 119,973 ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibùdó tuntun ni kò ní èsì tẹ́lẹ̀, àwọn ibùdó àtijọ́ tó tóbi sì ti fọ́ sí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ro èsì 2019 pọ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìyẹn díwọ̀n. Tiwọ́ọ̀dù kò tíì yí padà.

Ó wá kan ìṣirò. Nínú ìdìbò ààrẹ 2019, 82,344,107 ló forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn tó dìbò jẹ́ nǹkan bí 28.6 mílíọ̀nù, ó lé díẹ̀ ní ìdámẹ́ta. Ẹ fi èyí díwọ̀n tiyín. Ibùdó tó ní orúkọ 600, ẹ ṣírò pé 200 ló máa jáde. Bí olùdíje mẹ́ta bá lágbára níbẹ̀, ẹni tó bá rí 80 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ibùdó náà. Nítorí náà, iṣẹ́ yín ní ibùdó yẹn ni láti mọ èèyàn 80 lórúkọ, lójúlé, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé wọ́n ní káàdì lọ́wọ́. Èèyàn 80 tí ẹ mọ ilé wọn sàn fún yín ju ẹgbẹ̀rún èèyàn tó wá jó níbi ìpàdé lọ, torí pé àwọn tó jó lè máà forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn yín rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ibùdó kan kò tó nǹkan, ẹ rán an létí ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní 2018. Adémọ́lá Adélékè ní 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ní 254,345. 353 péré ló wà láàárín wọn. Àwọn ibùdó méje tí wọ́n ti fagi lé èsì, mẹ́ta ní Orólu, méjì ní Gúúsù Ifẹ̀, ọ̀kan ní Àríwá Ifẹ̀, ọ̀kan ní Òṣogbo, ni wọ́n padà lọ tún ìbò dì lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Oyètọ́lá ló fi 482 borí. Ibùdó méje ló yan gómìnà.

---

Ọ̀dọ́_Ìgbèríko | 27 oṣù Kejìlá

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé ìṣirò dára, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kékeré ni wọ́n o. Bí kò bá sí pátákó, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n ń díje? Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti lẹ ojú olùdíje wọn mọ́ gbogbo ògiri.

---

Ìyá_Ọlọ́jà | 27 oṣù Kejìlá

Ọmọ mi, ojú olùdíje kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ka lé. Ìwé ìdìbò Nàìjíríà kì í ní orúkọ olùdíje, kì í sì í ní àwòrán rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ àti ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ 18 ló wà lórí ìwé lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá arúgbó tó fẹ́ràn ọmọ yín dénú á débẹ̀, á wá ojú ọmọ náà títí, kò ní rí i, á sì tẹ̀ka síbi tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé ìpolongo, ẹ jẹ́ kí àmì ẹgbẹ́ gba ìdajì ìwé náà, kí àwòrán olùdíje kéré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kékeré, kó lè wọ àpò, kó lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń wọlé lọ bá èèyàn, kí àmì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó bi í kó tó jáde pé: “Ìyá, èwo ni ẹ máa tẹ̀ nínú gbogbo wọn?” Bí wọn kò bá lè fi ìka tọ́ka sí i, iṣẹ́ kò tíì parí ní ilé yẹn.

Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì, ìwé mẹ́ta ni òǹdìbò máa gbà: ti ààrẹ, ti sẹ́nétọ̀, ti aṣojú-ṣòfin. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta, méjì: ti gómìnà àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé dandan ni kí wọ́n tẹ ẹgbẹ́ kan náà lórí méjèèjì. Ẹ sọ fún wọn kedere pé ìwé méjì ni, ìpinnu méjì ni. Ẹni tó ti ní gómìnà lọ́kàn, ẹ má bá a jà lórí gómìnà. Ẹ tọrọ ìwé kejì lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìbò yín wà.

Ẹ kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Kí ìka má yọ kọjá ìlà sínú àpótí ẹgbẹ́ kejì, kí inki gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó ká ìwé, kí wọ́n ká a lọ́nà tí inki kò fi ní kan àmì mìíràn. Ẹ fi ìwé lásán tí ẹ fa ìlà sí kọ́ wọn. Ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun tó jọ ojúlówó ìwé ìdìbò, wàhálà ńlá lèyí.

---

Ọmọ_Wọ́ọ̀dùKẹfà | 28 oṣù Kejìlá

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ti káàdì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yìí tí wọn kò tíì gbà á.

---

Ìyá_Ọlọ́jà | 28 oṣù Kejìlá

Iṣẹ́ yín ní oṣù Kíní nìyẹn. Ẹ fi ìpàdé ńlá sílẹ̀ títí dìgbà tó bá parí. INEC ti ń fún èèyàn ní káàdì ní ọ́fíìsì wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ láti ọjọ́ 12 oṣù yìí, ó máa di 22 oṣù Kíní. Láti ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 15 oṣù Kíní, wọ́n á gbé káàdì wá sí wọ́ọ̀dù. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán ni, títí kan Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ, torí owó ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró.

Kò sí pé ẹnì kan ń báni gbà á. Ẹni tó ni káàdì ló máa lọ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ mọ ẹni tí kò tíì gbà á, kẹ́ ẹ bá a sọ ọjọ́ tí wọ́ọ̀dù rẹ̀ kàn, kẹ́ ẹ sì tẹ̀lé e lọ bó bá jẹ́ arúgbó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa lọ ojúlé sí ojúlé: méjì-méjì, obìnrin kan wà nínú wọn. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ àti ọ̀sán Sọ́ńdè ló dára jù. Ọjọ́ ọjà, ẹ má lọ sílé, ẹ lọ sí ọjà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí ìyálọ́jà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń na ọwọ́ sí ìyálọ́jà, nítorí náà ẹ má ní kó sọ ara rẹ̀ di tiyín, ẹ ní kó fún yín láyè láti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ mú ìwé kan dání tó ní ìlà márùn-ún: orúkọ, ojúlé, nọ́ńbà ibùdó, ṣé káàdì wà lọ́wọ́, ohun tó ń dun ẹni náà jù ní àdúgbò. Ó tán. Ẹ má béèrè nọ́ńbà ara káàdì, ẹ má béèrè nọ́ńbà báńkì, ẹ má ya àwòrán káàdì. Ọkàn èèyàn kò balẹ̀ mọ́ lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ fẹ́ ta àwọn ni. Káàdì ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ yín rárá, kódà bí ó bá ní kẹ́ ẹ bá òun tọ́jú rẹ̀.

---

Agbẹjọ́rò_Ìbílẹ̀ | 28 oṣù Kejìlá

Mo gbárùkù ti ìyá lórí ọ̀rọ̀ káàdì. Òfin Ìdìbò 2022, apá 22, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí káàdì ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ ẹni lọ́nà àìtọ́, tàbí kí èèyàn rà á tàbí tà á. Owó ìtanràn rẹ̀ lè dé ₦500,000, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè dé ọdún méjì, ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọgọ́ta tó ń bá yín ṣiṣẹ́ mọ àwọn nǹkan díẹ̀ yìí lórí, torí àìmọ̀ wọn ló máa ń kó olùdíje sí wàhálà:

Ìpolongo máa parí ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polongo, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tó ní àmì ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìdìbò láàárín 300 mítà sí ibùdó. Fìlà tàbí bẹ́ńdì ọwọ́ kan lè mú kí wọ́n lé ejẹ́ǹtì yín, ẹni tó ń ṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó, kúrò.

Apá 92 kò gbà kí wọ́n fi ilé ìjọsìn, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì ìjọba ṣe ibi ìpolongo. Bí wọ́n bá pe olùdíje sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kó lọ jọ́sìn, kó dúró kí wọ́n gbàdúrà fún un, kó má gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn polongo ẹgbẹ́.

Iye tó pọ̀ jù tí òfin gbà kí olùdíje aṣòfin ìpínlẹ̀ ná ni ₦30 mílíọ̀nù. Mo mọ̀ pé tiyín kò lè súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa kọ owó sílẹ̀: ẹni tó mú un wá, ọjọ́ tó mú un wá, ohun tí wọ́n fi ṣe, ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ná an. Àìgbẹ́kẹ̀lé lórí owó kékeré ló ń tú ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ká ju ìdíje lọ.

---

Aṣeétọ̀ | 29 oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lóru tó ṣáájú ìdìbò, wọ́n á pín owó. “Dìbò kóo sebẹ̀” ni gbogbo ìlú ń sọ. Kí ni olùyọ̀ǹda tí kò ní kọ́bọ̀ lè ṣe sí i?

---

Bàbá_Àkọsílẹ̀ | 29 oṣù Kejìlá

Ìbéèrè gidi nìyí. Ẹ ò lè bá wọn pín owó, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀: apá 121 fi ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì, dúró de ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà á. Àwọn tó ní i á sì fi iye ju tiyín lọ.

Ẹ wo bí òwò náà ṣe ń lọ. Ẹni tó ń ra ìbò ń fẹ́ ẹ̀rí. Ẹ̀rí yẹn ni kí òǹdìbò gbé ìwé sókè lẹ́yìn tó tẹ̀ka, tàbí kó fi fóònù ya á nínú ibi ìkọ̀kọ̀. INEC kò gbà kí fóònù wọ ibi ìkọ̀kọ̀ yẹn. Bí ejẹ́ǹtì yín bá lajú, kó tètè ké sí ọ̀gá ibùdó nígbà tó bá rí ẹni tó gbé fóònù wọ ibẹ̀ tàbí ẹni tó ń fi ìwé rẹ̀ hàn. Kó ké sí i lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ẹ̀rí kò bá ṣeé rí mọ́, owó náà á dín agbára kù.

Èkejì, ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín láti oṣù Kíní pé ìbò jẹ́ ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kò jẹ gbèsè ìbò, kò sí ẹni tó lè rí ohun tó tẹ̀. Àwọn ìyá kan ń bẹ̀rù pé wọ́n ti búra fún ẹni tó fún wọn lówó. Ìyá_Ọlọ́jà á mọ bí wọ́n ṣe ń bá irú wọn sọ̀rọ̀ jù mí lọ.

---

Ìyá_Ọlọ́jà | 29 oṣù Kejìlá

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bá wọn jà lórí ìbúra, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ búra. Àkókò tó dára ni ìgbà tí ẹ bá tẹ̀lé wọn lọ gba káàdì, tẹ́ ẹ jọ wà lórí ìlà fún wákàtí méjì. Ẹni tó ti bá èèyàn dúró ní oòrùn fún káàdì rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa wọ etí.

Kí olùdíje náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń rán pín owó ní òpópónà. Àwọn ni wọ́n mọ ilé gbogbo. Àwọn kan nínú wọn ti ń bínú, torí ẹgbẹ́ wọn ń rán wọn níṣẹ́ lọ́dún ìdìbò nìkan. Ẹ má ṣèlérí owó fún wọn. Ẹ fún wọn níṣẹ́ tó ní orúkọ: akọ̀wé òpópónà, olórí obìnrin ní ibùdó báyìí.

---

Ejẹ́ǹtì_Àgbà | 30 oṣù Kejìlá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì dé ibi tí ìbò ti ń sọnù gan-an. Ibùdó 168 ń fẹ́ ejẹ́ǹtì 168 àti àwọn tó máa rọ́pò. Èèyàn ọgọ́ta kò tó. Ẹ lo oṣù Kíní fi wá èèyàn kún un, kí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́ta náà mú ẹni mẹ́rin wá. Bí wọn kò bá pé, ẹ fi ibùdó tí ẹ ti lágbára ṣáájú, kì í ṣe ibi tí ẹ kò ti ní èèyàn.

Ìdí rẹ̀ rèé. Òfin sọ pé bí ìbò tí wọ́n dì ní ibùdó kan bá ju iye àwọn tí BVAS (ẹ̀rọ tó ń fi ìka tàbí ojú dá òǹdìbò mọ̀) fọwọ́ sí lọ, èsì ibùdó náà di òfo. Bí jàgídíjàgan bá bẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n gbé àpótí, òfo náà ni. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ máa rí 200 ní ibùdó kan kò nílò láti borí yín níbẹ̀, kó sáà ti da ibẹ̀ rú, ó parí. Ibi tí ẹ ti lágbára jù ni kí àwọn ejẹ́ǹtì yín tó dàgbà jù, tó sì ní sùúrù jù, wà.

Ẹni tí ẹ máa yàn: kó jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó yẹn gan-an, kó lè dìbò láì kúrò níbẹ̀. Kó lè ka nọ́ńbà, kó lè kọ ọ́. Kó má jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ olóṣèlú mìíràn. Alága káńsù, káńsẹ́lọ̀, kọmíṣánnà, gbogbo ẹni tó bá wà ní ipò òṣèlú tí kò tíì fi í sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, òfin kò gbà á ní ejẹ́ǹtì.

Ẹgbẹ́ ló ń fi orúkọ ejẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí INEC pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Olùdíje kò lè dá a ṣe. Ibí ni nǹkan ti ń bàjẹ́ fún ẹgbẹ́ kékeré: orúkọ á pẹ́ kó tó dé, tàbí kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ kọ orúkọ àwọn ìbátan rẹ̀ sí i. Kí orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà ibùdó wà lọ́wọ́ yín tán ní ìdajì oṣù Kíní. Orúkọ tó wà lára káàdì rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ àlàjẹ́.

Lọ́jọ́ náà: kó dé ibùdó kó tó di aago méje àbọ̀. Ìdìbò ń bẹ̀rẹ̀ ní 8:30, ó ń parí ní 2:30, ẹni tó bá sì ti wà lórí ìlà ní 2:30 á dìbò. Kó rí i pé àpótí ṣófo kí wọ́n tó tì í. Kó rí i pé BVAS ń ka òfo. Kó máa fa ìlà kan sínú ìwé rẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá gbà, kó wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ ní ìparí, kó fi wé tirẹ̀.

Oúnjẹ àti omi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó di aago méjìlá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e wá. Ejẹ́ǹtì tí ebi ń pa, oúnjẹ ẹgbẹ́ mìíràn ló máa jẹ. Kí fóònù rẹ̀ kún fún iná, kí báńkì iná kan wà fún ibùdó mẹ́ta.

Ìwé èsì EC8A ló kù. Àgùnbánirọ̀ ló sábà máa ń kọ ọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, ilẹ̀ lè ti ń ṣú. Kí ejẹ́ǹtì yín wò ó lẹ́sẹẹsẹ: nọ́ńbà ibùdó pé, iye tó forúkọ sílẹ̀, iye tí BVAS gbà, iye ìwé tó ṣẹ́ kù, ìbò tí wọn kò kà, ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, àpapọ̀. Kí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ bára mu. Kí ìbò gbogbo ẹgbẹ́ pẹ̀lú àwọn tí wọn kò kà má ju iye tí BVAS gbà lọ. Bí àṣìṣe bá wà, kó sọ ọ́ nígbà náà, kó tó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń bínú pé àwọn ò ní fọwọ́ sí i, wọ́n á sì lọ sílé. Àìfọwọ́sí ejẹ́ǹtì kì í fagi lé èsì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ kò ní ẹ̀dà lọ́wọ́.

Kó gba ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kó ya á ní fọ́tò lójú ìmọ́lẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ hàn. Kó dúró títí ọ̀gá ibùdó á fi fi BVAS ya tirẹ̀, kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

---

Aṣeétọ̀ | 30 oṣù Kejìlá

Owó oúnjẹ ejẹ́ǹtì ńkọ́? Báńkì ń kógbá wọlé lórí owó lọ́wọ́.

---

Agbẹjọ́rò_Ìbílẹ̀ | 30 oṣù Kejìlá

Ẹ ṣètò rẹ̀ kíá. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kíní, ₦500,000 ni ẹnì kan lè gbà jáde lọ́sẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kíní sì ni CBN ní ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ kò ní ṣe é ná mọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: 168 ibùdó, èèyàn méjì níbùdó kan, bí ẹ bá fi ₦3,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦1,008,000 ni. Ẹ má retí pé ẹ máa rí i gbà jáde lọ́sẹ̀ ìdìbò. Ẹ bá olóúnjẹ kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ṣe àdéhùn, kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ṣáájú. Èyí tún mú kó rọrùn láti fi ìwé ẹ̀rí hàn.

---

Ọ̀dọ́_Ìgbèríko | 31 oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin àgbà, kí ni ká ní kí olùdíje náà ṣèlérí? Gbogbo wọn ń ṣèlérí ọ̀nà àti bọ́rọ̀hòlù.

---

Bàbá_Àkọsílẹ̀ | 31 oṣù Kejìlá

Aṣòfin kì í la ọ̀nà. Òfin ló ń ṣe, owó ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí, ó sì ń bi àwọn tó ń ná an léèrè. Ẹ béèrè ohun tó wà lágbára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i lójú àwọn wọ́ọ̀dù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá: ọ́fíìsì kan ní ẹkùn ìdìbò tí ẹnì kan á máa jókòó sí; ìpàdé ní wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta; pé á ka ohun tó kan ẹkùn náà nínú ìwé ìṣúná jáde ní Yorùbá lọ́dọọdún. Ẹ bi í nípa owó ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Kí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè tó lè dúró, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ gbà á. Ọ̀nà wo ló máa dìbò sí bí òmìnira káńsù bá padà dé iwájú wọn? Kó dáhùn nísinsìnyí.

---

Aṣeétọ̀ | 31 oṣù Kejìlá

Àwa tí wọ́n já olùdíje wa jù sílẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé oṣù Karùn-ún ńkọ́? Wọ́n ní “àdéhùn” ni. A ò tilẹ̀ gbọ́.

---

Agbẹjọ́rò_Ìbílẹ̀ | 31 oṣù Kejìlá

Ọjọ́ 14 péré ni òfin fi sílẹ̀ láti gbé ẹjọ́ tó ṣáájú ìdìbò lọ sílé ẹjọ́, ó ti kọjá. Fún ìgbà mìíràn: apá 84 mọ ọ̀nà mẹ́ta, ìdìbò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ìdìbò àwọn aṣojú tí wọ́n yàn, àti àdéhùn. Fún àdéhùn, olùdíje kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìwé gbà pé òun yọwọ́. Bí kò bá sí ìwé yẹn, kì í ṣe àdéhùn. Ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ fún INEC ní orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 30 ó kéré tán ṣáájú. Ẹ rí i pé orúkọ yín wà níbẹ̀ láti wọ́ọ̀dù, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń dìbò. Àwọn ẹgbẹ́ tó fojú di ọ̀rọ̀ yìí, ẹ rántí Zamfara ní 2019: ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìdìbò abẹ́lé APC kò tọ̀nà, gbogbo ìbò tí wọ́n ní di òfo, gómìnà títí dé aṣòfin, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀lé wọn.

---

Ọmọ_Wọ́ọ̀dùKẹfà | 31 oṣù Kejìlá

Ẹ ṣé o. Ìbéèrè kan ló kù. Bí èsì ibùdó bá ti pé, ta ló ń gbà á ní wọ́ọ̀dù?

---

Ejẹ́ǹtì_Àgbà | 31 oṣù Kejìlá

Ẹ gbọ́dọ̀ ní ejẹ́ǹtì mìíràn fún àkójọ èsì wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ibùdó, torí ẹni yẹn kò tíì parí tirẹ̀ nígbà tí àkójọ á bẹ̀rẹ̀. Ìwé EC8B ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Kí ejẹ́ǹtì náà ti fa tábìlì rẹ̀ sínú ìwé ńlá láti ilé: nọ́ńbà ibùdó kọ̀ọ̀kan ní wọ́ọ̀dù náà, iye tí BVAS gbà, ìbò ẹgbẹ́ mẹ́rin tó lágbára jù. Bí ejẹ́ǹtì ibùdó bá ti fi fọ́tò ránṣẹ́, kó kọ ọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bá ń ka èsì ibùdó kan sókè, kó fi ìka tẹ̀lé tirẹ̀. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, kó ní kí wọ́n dúró, kó gbé fọ́tò EC8A jáde kí wọ́n tó lọ sí ibùdó tó kàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ro àpapọ̀ wọ́ọ̀dù, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni padà sẹ́yìn.

Kí wọ́n jẹ́ méjì: ọ̀kan ń gbọ́, ọ̀kan ń kọ. Ìyẹn fún wọ́ọ̀dù mẹ́wàá jẹ́ ogún èèyàn. Tòru ni iṣẹ́ náà, kí wọ́n mú ìmọ́lẹ̀ dání. Ẹ fi orúkọ wọn sínú ìwé kan náà tí ẹ máa fún ẹgbẹ́ ní oṣù Kíní, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ sí tibùdó, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí.